Gòjé àti Ọwọ́ Tó Ṣe É

Ẹ fa àga yín súnmọ́ tòsí. Ọ̀rọ̀ gòjé ni a fẹ́ sọ lónìí.

Ẹ̀yin àgbà mọ gòjé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè ti gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú orin sákárà láìmọ̀ pé òun ni. Ohùn tín-ín-rín kan máa ń ké tẹ̀lé ohùn akọrin, bí ẹni tó fẹ́ sunkún. Bí akọrin bá kọ gbólóhùn kan tán, ohùn náà á gbà á lẹ́nu rẹ̀, á tún un sọ. Kì í ṣe ènìyàn. Gòjé ni, okùn kan ṣoṣo ló sì ní.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Onígòjé á wá igbá tó gbó dáadáa, tí kò sán. Ìdajì igbá náà ni yóò lò. Á lu ihò sí i lára ní ìhà méjèèjì, á ti ọ̀pá gígùn kan bọ inú rẹ̀ já sí òdì kejì. Ọ̀pá yìí ni ọrùn gòjé. Lẹ́yìn náà ni yóò fi awọ bo ẹnu igbá. Awọ wo? Kì í ṣe awọ ewúrẹ́. Awọ awọ́nrínwọ́n ni, ẹranko bí alángbá ńlá, tó ń gbé ẹ̀bá odò, tó sì máa ń jí ẹyin adìẹ wa jẹ. Awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó sì lágbára. Nígbà tí ó bá ṣì tutù ni wọ́n ń nà án. Bó bá gbẹ tán, á le, á máa dún bí a bá fi ìka kàn án. Wọ́n á gé ihò kékeré kan sí i kí ohùn lè ráàyè jáde.

Irun ìrù ẹṣin ni okùn rẹ̀, ọ̀pọ̀ irun tí a kó pọ̀ ṣe ẹyọ kan. Ọ̀pá tí a fi ń ta á tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, irun ẹṣin náà ló wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n irun lórí irun kì í dún lásán. Wọ́n á fi oje igi gbígbẹ pa á. Bí kò bá sí oje, ọrun á kàn máa yọ̀ lórí okùn ni.

Ẹ dúró díẹ̀ níbi irun ẹṣin yìí. Ta ló ní ẹṣin ní Tchaada? Ní ilẹ̀ igbó bíi tiwa, eṣinṣin kan wà tó ń mu ẹ̀jẹ̀, tó ń kó àrùn ran ẹṣin, tí ẹṣin kì í fi í pẹ́ kú. Òkè ọ̀hún ni ẹṣin wà. Ẹ ti gbọ́ nípa Nikki, nílẹ̀ àwọn Bàrìbá, níbi tí wọ́n ti ń gun ẹṣin ṣe ọdún Gààní. Láti òkè náà ni gòjé fúnra rẹ̀ ti wá. Àwọn Haúsá ń pè é ní goge. Ní Gánà, àwọn Dagbamba ń pè é ní gonje. Nítorí náà, onígòjé tó wà ní ìsàlẹ̀ níbí ní láti mọ oníṣòwò tí yóò bá a mú irun bọ̀.

Nígbà tí gòjé dé ilẹ̀ Yorùbá, inú sákárà ni òkìkí rẹ̀ ti kàn jù. Bí ẹ bá gba Ìgólò kọjá sí Ìdí-Ìrókò, ẹ ti wọ ìpínlẹ̀ Ògùn ní Nàìjíríà. Ní ìpínlẹ̀ náà, ní abúlé Gbegbinlawo, ni wọ́n ti bí Yusuf Ọlátúnjí, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Lẹ́gbàá. Onígbàgbọ́ ni tẹ́lẹ̀, Joseph ni wọ́n ń pè é. Nígbà tó di Mùsùlùmí ó di Yusuf, orúkọ kan náà ni. Ní nǹkan bí 1927 ó wọ ẹgbẹ́ Àbíbù Olúwa, ògbólógbòó onísákárà. Ní 1937 ó ṣe àwo tirẹ̀, kò sì dákẹ́ títí ó fi kú ní 1978. Ọmọ abúlé bíi tiwa ni.

Ìlù sákárà, tí wọ́n fi amọ̀ mọ ara rẹ̀, ló wà lọ́wọ́ Bàbá Lẹ́gbàá. Ẹlòmíràn ló ń ta gòjé. Ẹ bi àwọn tó fẹ́ràn àwo rẹ̀ pé ta ni ó ń ta gòjé níbẹ̀. Ẹ ka iye ẹni tó lè dárúkọ. Ẹ tún béèrè pé ta ló ṣe gòjé náà. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹni tó ń ta á náà ló ń ṣe é.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn mí nìyí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá kan máa ń wá síbi ìkómọ ní agboolé wa, ó máa ń fi aṣọ wé gòjé rẹ̀ bí ọmọ tuntun. Òun ló ṣe é. Bí òjò bá rọ̀, awọ á dẹ̀, ohùn á wúwo. Bàbá á dìde lọ yá gòjé níná lẹ́bàá ààrò àwọn ìyá wa. Wọ́n á ní, "Bàbá, ṣé ẹran lẹ wá yan ni?" Òun náà á ní, "Ẹran tí kì í jinná ni." Lọ́jọ́ kan mo bi í níbi tó ti ń rí irun. Ó ní kí n lọ já irun ìyá mi àgbà wá ká dán an wò! Kò sọ fún mi.

Bàbá kú nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Wọ́n gbé gòjé kọ́ sókè ààrò. Eku jẹ awọ rẹ̀, igbá fọ́, àwọn ọmọ sì ń fi ọ̀pá rẹ̀ lé ewúrẹ́. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà yìí, mo fẹ́ kọ ìtàn rẹ̀. Mo bi ìyá mi ní orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní, "Bàbá Onígòjé la ń pè é." Mo bi àwọn ẹgbẹ́ wọn, ohun kan náà ni wọ́n sọ. Ẹnì kan ní ará Ìkétu ni. Èkejì ní rárá o, Ìfọ̀nyìn níbí ni wọ́n bí i sí. Mo jókòó pẹ̀lú ìwé àti kálámù, n kò rí orúkọ kọ sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń kọ orúkọ ara yín báyìí, ó ku onílù, onígbá tàbí alágbẹ̀dẹ kan ní abúlé yín tó ti dàgbà. Ẹ mú ìwé yín lọ bá a kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ẹ kí i dáadáa, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀, ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́, àti igi tàbí awọ tó ń lò. Bí kò bá fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀, ẹ má fi ipá mú un. Bí ọwọ́ yín kò bá tíì yá, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ nìkan. Ẹ mú un wá sí kíláàsì, a ó jọ kà á.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó kọ́kọ́ kà, tí a ó sì kọ: igbá, awọ, irun, ọrùn, ọrun, oje, okùn. Ẹ wo ọrùn àti ọrun dáadáa: àmì ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀.