Òṣìṣẹ́ Tó Farapa: Ẹ Jẹ́ Ká Fi Àyè Rẹ̀ Sílẹ̀ Dè É

Bismillahir-Rahmanir-Rahim.

Ọpẹ́ ni fún Allah tó dá ẹ̀mí wa sí di oṣù Ramadan yìí. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàábé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí ẹni tó farapa lẹ́nu iṣẹ́. Gbogbo wa la mọ iṣẹ́ ilẹ̀ wa. Láti Ìlútítun dé Igbotako títí lọ dé Òkìtìpupa, oko ọ̀pẹ ni, ẹbu epo ni, sọ́míìlì ni. Ká mú un pé arákùnrin kan ń fi dòjé orí ọ̀pá gígùn gé ẹyìn lóko ọ̀gá rẹ̀. Ìdì ẹyìn já lé e, apá dá. Ọ̀gá gbé e lọ sí ọsibítù, ó san owó ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ní "pẹ̀lẹ́". Kí oṣù tó parí, ẹlòmíràn ti wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Bí apá bá wá jinná ńkọ́, ibo ni yóò padà sí? Kí ni ìyàwó rẹ̀ yóò fi se sààrì?

Ẹ jẹ́ ká wo bí Allah ti ṣe sí aláìsàn. Nínú Suratul Baqarah, aaya 185, Allah gba aláìsàn láàyè kó jẹun nínú Ramadan, kó sì san ààwẹ̀ náà lọ́jọ́ mìíràn. Kò lé e kúrò láàárín aláàwẹ̀. Àyè rẹ̀ wà nílẹ̀ tó ń dè é. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìrun. Nígbà tí jẹ̀díjẹ̀dí ń yọ Imran ọmọ Husayn lẹ́nu, Ànábì (s.a.w.) sọ fún un pé kó kírun lórí ìdúró, bí kò bá lè dúró kó jókòó, bí ìyẹn náà kò bá ṣeé ṣe kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ìrun orí ìjókòó, ìrun ni. Iṣẹ́ fífúyẹ́ náà, iṣẹ́ ni.

Nítorí náà, ọ̀gá tó bẹ̀rù Allah yóò ti ní ìlànà nílẹ̀ kí ìjàǹbá tó ṣẹlẹ̀. Èkíní, kó ránṣẹ́ sí ẹni náà nílé, kó mọ̀ pé wọn ò gbàgbé òun. Èkejì, kó béèrè lọ́wọ́ dókítà ohun tí apá náà lè ṣe àti èyí tí kò gbọ́dọ̀ ṣe. Ẹ̀kẹta, kó wá iṣẹ́ fífúyẹ́ fún un ná: kó máa wọn ẹyìn, kó máa kọ iye rẹ̀ sínú ìwé, wákàtí díẹ̀ lójúmọ́, kó máa pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀kẹrin, kó tún ohun tó fa ìjàǹbá ṣe. Ẹni tó bá pẹ́ nílé láìṣiṣẹ́, ọkàn rẹ̀ a máa rẹ̀wẹ̀sì. Ọ̀gá náà a sì pàdánù ọwọ́ tó ti mọṣẹ́.

Ìjọba ti ṣe òfin sí i. Lọ́dún 2010 ni Employees' Compensation Act rọ́pò òfin Workmen's Compensation àtijọ́. Ọ̀gá iṣẹ́ ní láti máa san náírà 1 nínú gbogbo 100 tó fi ń san owó oṣù sí àpò tó wà lọ́wọ́ NSITF. Kò gbọ́dọ̀ yọ ọ́ nínú owó òṣìṣẹ́. Léburà àti ọmọ-iṣẹ́ náà wà nínú rẹ̀. Àpò yìí wà fún ìtọ́jú, owó ìrànwọ́, àti ohun tí yóò mú òṣìṣẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ fi èyí sọ́kàn o. Ọjọ́ 14 ni òṣìṣẹ́ ní láti sọ fún ọ̀gá pé òun farapa. Ọ̀gá ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí. Ọdún 1 ni wọ́n fi sílẹ̀ láti béèrè owó náà. Ẹ má dúró sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun títí ọjọ́ yóò fi kọjá.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, amaanah wà lọ́rùn yín náà. Ẹni tí ara rẹ̀ ti yá, kó má fi báńdéèjì jẹun. Ẹ̀yin alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, ẹ má pè é ní alápá kan.

Ẹ̀yin ọ̀gá tó ń gbọ́ wa, ṣé ẹnì kan wà tó farapa lọ́dọ̀ yín tí ẹ ò tíì bẹ̀ wò? Bí ẹ bá kírun àṣámù tán lálẹ́ òní, ẹ yà kí i. Ẹ sọ fún un pé àyè rẹ̀ ṣì wà.

Kí Allah wo àwọn aláìsàn wa sàn, kó sì gba ààwẹ̀ wa. Aamin. Wassalaamu alaikum wa rahmatullah.