LẸ́YÌN ÌWÉ MẸ́WÀÁ, NÍBO NI ỌMỌ ÌLÀJẸ YÓÒ GBÀ?

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ìpolongo Ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní girama àti àwọn òbí wọn sọ ní Igbókòdá

Mo mọ̀ pé ó wà nínú yín ẹni tí ó ti wọ ọkọ̀ láti ìdájí kí ó tó dé ibí. Ẹ kú ewu omi o. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni a pè mí sí, n kò sì ní yà kúrò lórí rẹ̀: ọmọ tí ó ti ka ìwé mẹ́wàá tán, kí ni kí ó ṣe?

Bí mo bá bi ogún òbí ní Igbókòdá yìí, mẹ́sàn-án dín lógún ni yóò dáhùn pé kí ó lọ ṣe JAMB. Bí kò bá yege, kí ó tún un ṣe lọ́dún tí ń bọ̀, àti lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e. Báyìí ni ọmọ ṣe ń jókòó sílé fún ọdún mẹ́ta, tí ó ń ti etí bèbè kan dé èkejì, tí a ó sì wá máa pè é ní aláìríṣẹ́ kí ó tó pé ọmọ ogún ọdún. Ní ọdún 2025, àwọn ọmọ tí ó jókòó ṣe ìdánwò náà ní gbogbo Nàìjíríà lé ní 1,900,000. Yunifásítì kò lè gba gbogbo wọn, bí gbogbo wọn tilẹ̀ yege.

Ẹ má gbọ́ mi sódì. Èmi kọ́ ni yóò sọ pé kí ọmọ tálákà má lọ sí Yunifásítì. Ìlú tí kò ní dókítà, tí kò ní agbẹjọ́rò, ẹlòmíràn ni yóò máa bá a sọ̀rọ̀. Ohun tí mo ń wí ni pé ọ̀nà kan kọ́ ni ó wọ ọjà, ọ̀nà tí ó sì sún mọ́ ẹnu ọ̀nà wa jù lọ ni a kì í fi han àwọn ọmọ wa.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ibi tí a ti ń bọ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọ apẹja sì jókòó ti ọmọ olóyè. Ní ọdún 1960 tí a gba òmìnira, Yunifásítì méjì péré ni ó wà ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí: ti Ìbàdàn, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1948, àti ti Nsukka, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn lóṣù kẹwàá ọdún náà. Ẹni tí ó ní ìwé mẹ́wàá nígbà náà kì í pẹ́ kí ó tó rí iṣẹ́ akọ̀wé. Lónìí, Yunifásítì ti ju 200 lọ, ṣùgbọ́n àga akọ̀wé kò pọ̀ sí i bẹ́ẹ̀. Èrò àwọn baba wa nípa ìwé ni a ṣì ń lò, ayé tí ó bí èrò náà sì ti kọjá lọ.

Ǹjẹ́ kí ni ọmọ Ìlàjẹ ní tí ẹlòmíràn kò ní? Omi ni. Ọmọ wa ń tu ọkọ̀ kí ó tó mọ A, B, D. Ó mọ ìgbà tí omi ń kún àti ìgbà tí ó ń fà, ó mọ ibi tí iyanrìn gbé ga lábẹ́ omi. Ó lè tú ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀ palẹ̀ kí ó sì tò ó padà kí oúnjẹ tó jinná. Síbẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ ńlá bá ń wá ẹni tí yóò gbà síṣẹ́, ọmọ yìí kọ́ ni wọ́n ń mú. Èéṣe? Nítorí pé kò ní ìwé tí ó sọ pé ó mọ ohun tí ó mọ̀.

Ẹ kò ní gbàgbé oṣù karùn-ún ọdún 1998, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ wa, tí wọ́n ju ọgọ́rùn-ún lọ, gun orí pèpéle epo Parabe ti ilé-iṣẹ́ Chevron ní ojú òkun wa. Iṣẹ́ wà lára ohun tí wọ́n ń bèèrè. Àwọn agbófinró ìjọba fi bàálù dé bá wọn níbẹ̀, méjì nínú àwọn ọmọ náà sì kú. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé-ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ ti dá ilé-iṣẹ́ náà láre ní oṣù Kejìlá ọdún 2008. N kò wá síbí láti tún ẹjọ́ náà dá. Ṣùgbọ́n mo bi yín: bí wọ́n bá ní àwọn gba ogún ọmọ Ìlàjẹ síṣẹ́ lórí ọkọ̀ lọ́la, mélòó ni a ó rí tí ìwé rẹ̀ pé?

Ìwé náà nìyí, ẹ tẹ́tí sí i dáadáa. Ìlànà kan wà tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní 1978, tí a ń pè ní STCW. Òun ni ó sọ ohun tí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun gbọ́dọ̀ kọ́. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin: bí a ṣe ń wà láàyè bí ọkọ̀ bá dànù, bí a ṣe ń pa iná, ìtọ́jú ojú ẹsẹ̀ fún ẹni tí ó farapa, àti ààbò pẹ̀lú ìwà tí ó yẹ láàrin ẹlẹgbẹ́ ẹni nínú ọkọ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni, kì í ṣe ti ọdún mẹ́rin. Ẹni tí ó bá fẹ́ di ọ̀gá nínú ọkọ̀ ni yóò lọ jù bẹ́ẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn atukọ̀ tí ó wà ní Oron, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1979, ń kọ́ni ní wíwa ọkọ̀ àti ní iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Yunifásítì ti ọ̀rọ̀ omi wà ní Okerenkoko, ní ìpínlẹ̀ Delta, láàrin omi bíi tiwa. Ní Èkó, ní Victoria Island, ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ẹja pípa àti iṣẹ́ ojú òkun wà. Ní Effurun, lẹ́bàá Warri, ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ epo tí a dá sílẹ̀ ní 1973 ń kọ́ni ní iṣẹ́ jíjó irin pọ̀, títí kan ti ojú òkun. Ìṣirò, Físíìsì àti èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn wọ̀nyí. Ọmọ tí ó bá ń sá fún Ìṣirò kí ó mọ̀ pé òun ń sá fún ọkọ̀.

N kò ní tàn yín o. Ìṣòro kan wà lójú ọ̀nà yìí tí ó ti dá ọ̀pọ̀ ọmọ dúró. Kí ènìyàn tó gba ìwé ọ̀gá, ó gbọ́dọ̀ ti lo ó kéré tán oṣù 12 lójú òkun, lábẹ́ ètò ẹ̀kọ́ tí a fọwọ́ sí, kí wọ́n sì máa kọ iṣẹ́ rẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀. Bí kò bá sí lábẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀, oṣù 36 ni. Ọkọ̀ tí yóò gbà wọ́n ni kò pọ̀. Àjọ NIMASA ti rán àwọn ọmọ Nàìjíríà lọ kọ́ iṣẹ́ yìí ní Íjíbítì, ní Íńdíà, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ibòmíràn. Púpọ̀ nínú wọn ka ìwé tán, wọn kò rí ọkọ̀ wọ̀. Nítorí náà, kí òbí tó san kọ́bọ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ kan, kí ó bèèrè pé: ọkọ̀ wo ni ọmọ mi yóò wọ̀, ta sì ni yóò fi í sínú rẹ̀? Bí wọ́n bá ń fi ẹnu gbá ìdáhùn kiri, kí ó kó owó rẹ̀ sápò.

Nígbà tí mo bá sọ báyìí, àwọn kan máa ń rò pé ọmọkùnrin nìkan ni mò ń bá wí. Ta ni ń tu ọkọ̀ lọ sọ́jà? Ta ni ń gbé ẹja yíyan wá sí Igbókòdá? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin yìí náà gbọ́.

Ẹ tún wo Ayétòrò. Ní 1947 ni àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ ìlú náà dó sórí ẹrẹ̀ etí òkun. Wọ́n kan ọkọ̀ fúnra wọn, wọ́n dá ilé iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀, wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọ wọn níṣẹ́, láìdúró de ẹnikẹ́ni. Lónìí òkun ń jẹ ìlú náà. Wọ́n gbé iṣẹ́ ìdènà rẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe ní 2004, òkun kò dúró. Ní Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ó wà ní Àkúrẹ́, wọ́n ń kọ́ni ní ìmọ̀ òkun àti ìmọ̀ ẹja. Ti Òkìtìpupa, tí a fi orúkọ olóògbé Olúṣẹ́gun Agagu pè, kò sì jìnnà sí wa rárá. Ẹni tí yóò wọn òkun yìí, tí yóò sọ ibi tí a ó gbé odi sí, ó yẹ kí ó jẹ́ ẹni tí ilé baba rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ti orí ilẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe wà, bíi ti Rufus Giwa ní Ọ̀wọ̀: ọdún méjì fún ND, ẹnu iṣẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ọdún méjì fún HND. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe olùkọ́ lè gba NCE ní ọdún mẹ́ta. Ẹni tí ó bá sì ní ND tàbí NCE tí ó dára lè gba ibẹ̀ wọ Yunifásítì, láìbẹ̀rẹ̀ láti ọdún kìíní. Fún ìgbàwọlé ọdún 2025, máàkì 150 ni JAMB fi ṣe òpin ìsàlẹ̀ fún Yunifásítì, 100 sì ni fún ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe àti ti olùkọ́ni. Ọmọ tí ó gba 130, tí a sọ fún pé ó fìdí rẹmi, kò fìdí rẹmi rárá. Àwọn tí ó jókòó tì í ni kò mọ̀nà.

Ó ku owó. Òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024 dá àjọ NELFUND sílẹ̀. Owó náà kò ní èlé. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí ọmọ wà ni wọ́n ń san owó ilé-ìwé fún tààrà. Sísan rẹ̀ padà kò bẹ̀rẹ̀ títí di ọdún méjì lẹ́yìn ìsìnrúùlú, ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù sì ni. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù gbèsè ń ba àwọn ìyá wa, wọn kò sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n gbèsè yìí sàn ju títa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí gbogbo ilé fi ń jẹun. Ẹ máa bèèrè ìrànwọ́ lọ́wọ́ OSOPADEC àti NDDC pẹ̀lú, nítorí epo tí ó wà lábẹ́ omi wa ni a fi dá wọn sílẹ̀. Ẹ béèrè pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, kí ẹ sì gba èsì ní kíkọ.

Kí olúkúlùkù tọ́jú èsì ìdánwò rẹ̀, ìwé ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà NIN, àti ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ láti ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tí ó wà ní ìlú yìí. Kí orúkọ inú gbogbo wọn bára mu, lẹ́tà sí lẹ́tà; èyí nìkan ti dá ọmọ púpọ̀ padà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn olùkọ́ tí ó mọ ètò ìforúkọsílẹ̀ jókòó sí apá ọ̀tún mi yìí. Kí àwọn tí ọkọ̀ wọn yóò tètè padà kọ́kọ́ bèèrè tiwọn.