Ìpẹtà Lára Bọ̀lẹ̀kájà

Bọ̀lẹ̀kájà tí ọ̀pọ̀ àgbà wọ̀ lọ sọ́jà kì í ṣe kìkì pákó. Iwájú Bedford TJ, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1958, irin ni, ibẹ̀ sì ni ìpẹtà ti ń jẹ ẹ́. Omi òjò a máa lúgọ sí abẹ́ ilẹ̀kùn àti ibi tí wọ́n ti so iwájú ọkọ̀ mọ́ ṣásí. Irin wọ̀nyí ni ó gbé awakọ̀ ró. Ẹni tí ó bá fi fílà dí ihò wọn, tí ó sì kùn ún ní ọ̀dà, ojú lásán ni ó tàn jẹ; fílà kò lè gbé ẹrù.

Ajórin tí ó mọṣẹ́ yóò kọ́kọ́ tú okùn bátìrì, yóò sì gbé táńkì epo jìnnà síná. Yóò jó ọ̀pá irin dábùú ẹnu ọ̀nà kí ó tó gé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni kì í ṣe èyí, ilẹ̀kùn wọn kì í sì í padé mọ́. Yóò gé e títí yóò fi kan irin tí kò jẹrà, yóò sì fi irin tuntun tí ó nípọn bákan náà dípò rẹ̀. Kì í jó o lọ gbọọrọ; díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún ni, kí ooru má baà ká a kò. Inú rẹ̀, níbi tí ojú kò tó, ni ọ̀dà yóò kọ́kọ́ dé kí ó tó kan ìta.