Gbà-Má-Bìínú Kì í Ṣe Ẹ̀tọ́: Ojú Tí Àwọn Ará Ẹ̀yìn Odi Fi Ń Wo Ilé

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ wa tí ó wà lẹ́yìn odi bá wálé ọdún. Wọn a ní olówó ti gbé tálákà mì nílé. Wọn a ní ìwà ìbàjẹ́ kò jẹ́ kí ohunkóhun tọ́. Wọn a ní bí àjálù bá dé, àwọn kò ní fi kọ́bọ̀ lé ìjọba lọ́wọ́ mọ́. Ọwọ́ ara àwọn ni àwọn yóò fi pín in. Àwọn ará ilé náà a fèsì pé ẹni tí ó ti sá lọ kò lè mọ ohun tí ojú ẹni tí ó dúró ń rí. Ta ni ó jàre nínú wọn? Ìbéèrè náà ni mo fẹ́ dáhùn, Òkè-Ògùn ni n ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń pè ní ará ẹ̀yìn odi. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ rò pé Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà ni ẹ̀yìn odi ti bẹ̀rẹ̀. Ní Òkè-Ògùn, kò rí bẹ́ẹ̀. Kí àwọn ọmọ wa tó máa wọ bàálù lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Gánà ni àwọn baba àti ìyá wọn ń lọ. Láti ìgbà tí a ṣì ń pe ibẹ̀ ní Gold Coast ni àwọn oníṣòwò ti ń ti Ṣakí, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì lọ, àwọn àti àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin. Òyìnbó kan tí ó ń jẹ́ J. S. Eades kọ ìwé kan lórí wọn, tí ó jáde ní 1993. Ó fi hàn níbẹ̀ pé àwọn ìlú wọ̀nyí ni púpọ̀ nínú àwọn Yorùbá tí ń ṣòwò ní àríwá Gánà ti wá. Wọn kò gbàgbé ilé. Bí wọ́n ti ń jèrè ni wọ́n ń kọ́lé sí ìlú wọn, tí wọ́n sì ń fi owó ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Nòfẹ́ńbà ọdún 1969, ìjọba Dókítà Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á, tàbí kí ó fi Gánà sílẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ wo bí ayé ti ń yí! Ẹni tí ó jẹ́ olówó ọjà di ẹni tí ń wá ọkọ̀ kiri. Ẹlòmíràn fi ọjà sílẹ̀, ẹlòmíràn fi gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́ sílẹ̀. Wọ́n dé ilé, agbo ilé ni ó sì gbà wọ́n. Nígbà tí ó di ọjọ́ 17 oṣù Jánúárì 1983, ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari náà fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n fi Nàìjíríà sílẹ̀. Àwọn tí ó lọ ju mílíọ̀nù kan, ọmọ Gánà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tí ń fúnni àti ẹni tí à ń fún kì í ṣe ẹ̀yà méjì tí Ọlọ́run dá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì tó láti sọ ọ̀kan di èkejì. Nítorí náà, bí ará ẹ̀yìn odi bá ń sọ̀rọ̀ nípa tálákà ilé, kí ó máa rántí pé ọ̀rọ̀ ara òun náà ni òun ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbọ́ ẹjọ́ wọn. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa. Ní oṣù Épírìlì ọdún 2020, nígbà àrùn kòrónà, ìjọba àpapọ̀ fi 1,800 àpò ìrẹsì ránṣẹ́ sí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní kòkòrò ti jẹ ẹ́, wọ́n sì dá a padà. Ní oṣù Ọ́kítóbà ọdún kan náà, àwọn ènìyàn já ilé ìkẹ́rùsí ní Èkó, ní Ẹdẹ àti ní ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn, wọ́n sì bá oúnjẹ tí àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni dá jọ fún mẹ̀kúnnù níbẹ̀. Àwọn gómìnà ṣàlàyé pé pípín rẹ̀ ni ó ń lọ lọ́wọ́, àti pé wọ́n fi díẹ̀ pamọ́ de ìgbà tí àrùn náà bá tún gbérí. Ṣùgbọ́n ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ 8 oṣù Jánúárì 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ní kí mínísítà tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìrànwọ́ àti gbígbógun ti òṣì, Betta Edu, lọ rọ́kún nílé ná, nítorí ìwé kan tí ó ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 585.2 náírà, owó àwọn aláìní, sínú àkáǹtì ẹnì kan. Mínísítà náà ní òun kò hùwà àìtọ́. Ní oṣù Ọ́kítóbà ọdún náà ni wọ́n yọ ọ́ kúrò nípò. Ta ni yóò gbọ́ nǹkan wọ̀nyí ní òkèèrè tí kò ní di àpò rẹ̀ mú?

Owó tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ kì í ṣe kékeré. Báǹkì Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2023 nìkan, nǹkan bíi bílíọ̀nù 19.5 dọ́là ni àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó wà lẹ́yìn odi fi ránṣẹ́ sílé. Ẹni tí ó fi irú owó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀.

Síbẹ̀, ẹjọ́ ará ilé náà wà níbẹ̀. Ẹni tí ó ń tọ́jú arúgbó ní Lọ́ńdọ̀nù, tàbí tí ó ń ṣọ́ ilé ìtajà lóru, mẹ̀kúnnù ni ó jẹ́ níbẹ̀. Bí ó bá wálé, pọ́n-ùn díẹ̀ a sọ ọ́ di bọ̀rọ̀kìnní. Ẹni tí ó ń bú olówó ilé wá di olówó ilé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Yóò ra àpò ìrẹsì, yóò pe ayàwòrán, àwọn opó yóò tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ nínú oòrùn, onílù yóò sì máa ki olóore. Bí ẹ bá bi í léèrè bí ó ti ṣe mọ àwọn tí ìyà ń jẹ jù, yóò ní ẹ̀gbọ́n òun ni ó kọ orúkọ wọn. Ta ni ó yan ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Bí ìjọba ti ń ṣe tí inú fi ń bí i náà ni òun náà ṣe yẹn, ó kàn kéré ni.

Inú rere nìkan kò sì tó. Ní ọjọ́ 18 oṣù Disẹ́ńbà 2024, ọmọ 35 ni ó kú ní Baṣọ̀run, ní Ìbàdàn, nígbà tí èrò tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ ní ibi ayẹyẹ kan tí wọ́n ti fẹ́ pín ẹ̀bùn fún àwọn ọmọdé. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ibi tí ebi bá pọ̀ dé, ẹ̀bùn tí kò ní ètò lè pa ẹni tí ó wá gbà á.

Iṣẹ́ mi ni èdè, ẹ jẹ́ kí n gba ibẹ̀ wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ìjọba tàbí olówó bá pín nǹkan nígbà ìṣòro, ọ̀kan nínú orúkọ tí Yorùbá fún un ni gbà-má-bìínú. Ẹ fetí sí orúkọ náà dáadáa. Gbà: ọwọ́ ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ ni ó wà nísàlẹ̀. Má bìínú: a mọ̀ pé ohun kan ń bí i nínú, ṣùgbọ́n a kò fẹ́ gbọ́ ọ. Orúkọ kejì ni sàráà, tí a gbà láti inú ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Sàráà dára, ìlú bí Ìsẹ́yìn àti Ṣakí sì mọ iyì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni ẹni tí ó ṣe sàráà ti ń retí èrè. Kò jẹ ẹni tí ó gbà á ní àlàyé kankan. Orúkọ kẹta ni ẹ̀tọ́. Ara tọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá: ohun tí ó tọ́ sí mi. Ẹni tí ó bá gba sàráà yóò dúpẹ́. Ẹni tí wọ́n bá fún ní gbà-má-bìínú yóò dákẹ́. Ẹni tí ó bá gba ẹ̀tọ́ nìkan ni ó lè ka owó náà lójú ẹni tí ó fún un, kí ó ní, “Ó kù díẹ̀.”

Ibi tí ìwà ìbàjẹ́ ti rí ọ̀nà wọlé nìyẹn. Kò sí olè tí ó rọrùn fún láti jí nǹkan tó ẹni tí ń pín ohun tí ẹni tí ó gbà á kò mọ iye rẹ̀. Bí mo bá mọ̀ pé àpò ìrẹsì mẹ́wàá tọ́ sí àdúgbò mi, tí mo sì rí mẹ́rin, n ó pariwo. Bí mo bá rò pé àánú ni wọ́n fi ṣe mí, n ó dúpẹ́ mẹ́rin, n ó sì gbàdúrà fún ẹni tí ó jí mẹ́fà.

Àìdáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń di ìjà láàrin olówó àti mẹ̀kúnnù. Ní oṣù Ọ́kítóbà ọdún 1916, àwọn ará Òkèihò àti Ìsẹ́yìn dìde sí ètò ìṣàkóso tí Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀, ètò tí ó fi agbára tuntun fún àwọn olóyè kan àti àwọn adájọ́ ilé-ẹjọ́ ìbílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. A. Atanda ti kọ ìtàn náà. Ẹ̀mí ṣòfò, ìjọba sì fi ọmọ ogun paná ọ̀tẹ̀ náà. Àwọn tí ó ní agbára lórí ará ìlú nígbà náà kò jíhìn fún ará ìlú. Òkè ni wọ́n ń kọjú sí. Ní ọdún 1968 àti 1969, nígbà ìjà Àgbẹ́kọ̀yà, àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn bi ìjọba léèrè ohun tí ó ń fi owó orí wọn ṣe. Ní Òkè-Ògùn kan náà, ìjọba Shagari bẹ̀rẹ̀ ìsédò Ikere Gorge nítòsí Ìsẹ́yìn, pé yóò pèsè iná mànàmáná àti omi fún oko. Ọ̀pọ̀ ọdún ni odò náà fi wà níbẹ̀ tí iná kò ti ibẹ̀ jáde. Àgbẹ̀ tí kò rí omi lò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni à ń gbé àpò ìrẹsì lọ fún. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ń bẹ nínú ìsédò, gbà-má-bìínú ni ó ń rí gbà.

Kí ni a lè ṣe? Èdè wa tún fi ọ̀nà hàn. A ń sọ pé ènìyàn jíhìn iṣẹ́. Ẹni tí a rán níṣẹ́ ni ó ń jíhìn. Ẹni tí ẹnikẹ́ni kò rán kò ní ìhìn láti jẹ́. Nítorí náà, kí ará ẹ̀yìn odi àti ará ilé jọ di ẹni tí ń ránni níṣẹ́.

Ohun kìíní, kí ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tí ó bá dá owó jọ fún àjálù ka iye rẹ̀ ní gbangba nílé, ní mọ́ṣáláṣí, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní ọjà, kí wọ́n tó náwó rárá. A kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣe irú rẹ̀. Nínú èsúsú, gbogbo ẹni tí ó ń dá a ni ó mọ iye tí ó wà nílẹ̀ àti ẹni tí yóò kó o lóṣù yìí. Olórí èsúsú tí ó bá pa iye mọ́ kò ní rí ẹni bá dá a mọ́.

Ohun kejì, kí àwọn tí àjálù dé bá wà nínú ìgbìmọ̀ tí yóò pín nǹkan, kí akápò má sì jẹ́ ẹni kan náà tí yóò lọ rajà.

Ohun kẹta, kí a má tìtorí ìwà ìbàjẹ́ jọ̀wọ́ ìjọba. Bí a bá ń fi ọwọ́ ara wa pín ìrẹsì, tí a kò sì béèrè owó ìlú mọ́, a ti bá olè dá sí méjì: òun kó owó, àwa ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 fún ẹnikẹ́ni lágbára láti kọ̀wé béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba, ọjọ́ méje ni wọ́n sì ní láti fi dáhùn. Ní oṣù Épírìlì 2025, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní òfin náà de àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́tà kíkọ. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ni ó wà ní Òkè-Ògùn. Kí kíláàsì kan kọ̀wé sí ọ̀kan nínú wọn, kí wọ́n béèrè ohun tí ó gbà fún ìrànwọ́ àti ẹni tí ó fún.

Ta ni ó wá jàre? Ará ẹ̀yìn odi jàre nípa olè, ará ilé jàre nípa ìgbéraga. Ẹ̀bi kan ni àwọn méjèèjì jọ ní: ọ̀kan ń fúnni láìbéèrè ìhìn, èkejì ń gbà láìbéèrè iye. Ọjọ́ tí opó kan ní Ṣakí bá lè dìde níwájú ẹni tí ó ti Lọ́ńdọ̀nù dé, àti níwájú alága ìjọba ìbílẹ̀, tí ó sì bi àwọn méjèèjì pé, “Èló ni ẹ gbà, èló ni ẹ pín?” tí kò sì sí ẹni tí yóò pè é ní abaraámóorejẹ, ọjọ́ náà ni ìrànwọ́ tó di ìrànwọ́ lóòótọ́.