Imú Tí A Kò Kà Sí

Nínú àwọn ẹ̀yà ara tí a fi ń mọ ayé, imú ni a kà sí kéré jù lọ. Bí ojú ẹnì kan bá fọ́, gbogbo ẹbí ni yóò gbọ́. Bí etí rẹ̀ bá di, a ó wá oníṣègùn lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá wí pé òun kò gbóòórùn mọ́, ohun tí a sábà máa ń sọ fún un ni pé kí ó máa dúpẹ́ pé ọ̀ràn náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èrò yìí kò tọ̀nà, ìdí tí kò fi tọ̀nà ni a ó sì gbé yẹ̀ wò lónìí.

Nígbà tí àrùn COVID-19 wọ Nàìjíríà ní oṣù Kejì ọdún 2020, tí ó sì dé Sẹ̀nẹ̀gà àti Gánà ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó kọlù ni kò wúkọ́ púpọ̀, tí imú wọn kò sì dí. Síbẹ̀ wọ́n jí ní òwúrọ̀, wọn kò gbọ́ òórùn ọbẹ̀ mọ́. Ìrù tí àwọn Haúsá ń pè ní dàwàdáwà, tí àwọn ará Mali ń pè ní sumbala, tí òórùn rẹ̀ kì í sápamọ́ nínú agbo ilé, di ohun tí kò yàtọ̀ sí iyanrìn lẹ́nu wọn. Òmíràn gbádùn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Òmíràn sì wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Kí ni àrùn náà ṣe sí imú? Kí a tó lè dáhùn, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí imú ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ní òkè pátápátá nínú ihò imú ni awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà, nínú awọ yìí sì ni a ti rí ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù sẹ́ẹ̀lì agbóòórùn. Sẹ́ẹ̀lì ni ẹyọ kín-ín-kín-ín tí a fi kọ́ ara ohun alààyè, bí a ti ń fi bíríkì kọ́ ilé. Lára sẹ́ẹ̀lì agbóòórùn kọ̀ọ̀kan ni èròjà kan wà tí ó dúró bí oníbodè. Bí òórùn tí oníbodè náà mọ̀ bá kàn án, a ó ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Bí ó bá jẹ́ èyí tí kò mọ̀, yóò dákẹ́.

Ní ọdún 1991 ni Linda Buck àti Richard Axel, ní Yunifásítì Columbia ní ìlú New York, kéde pé àwọn ti rí àwọn jíìnì tí ń pàṣẹ kí a ṣe àwọn oníbodè wọ̀nyí. Jíìnì ni àkọsílẹ̀ tí a jogún lọ́wọ́ òbí, tí sẹ́ẹ̀lì ń kà kí ó tó mọ ohun tí yóò ṣe. Ara eku ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí wọn, iye wọn sì ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu. Nínú nǹkan bí 20,000 jíìnì tí ń pàṣẹ fún ṣíṣe èròjà ara ènìyàn, nǹkan bí 400 ni ó wà fún òórùn nìkan. Ti eku ju 1,000 lọ. Ti erin ilẹ̀ Áfíríkà súnmọ́ 2,000. Nítorí iṣẹ́ yìí ni a fi fún àwọn méjèèjì ní Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2004.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ náà gbé jinlẹ̀ jù lọ nìyí. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì agbóòórùn ni ó ní gbogbo 400 jíìnì náà nínú, bí ìgbà tí a pín ìwé kan náà, olójú-ewé 400, fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ inú kíláàsì. Síbẹ̀ ojú-ewé kan ṣoṣo ni sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ń ṣí. Ó pa gbogbo ìyókù dé. Àní jíìnì kan náà tí a jogún lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, ọ̀kan nínú méjèèjì ni yóò lò. Sẹ́ẹ̀lì náà a kó àwọn jíìnì tí kò fẹ́ lò jọ, a sì dì wọ́n mọ́ra ní àárín rẹ̀ bí ẹrù tí a fi okùn dì. Lẹ́yìn náà, àwọn apá àkọsílẹ̀ tí ó máa ń ran jíìnì lọ́wọ́ yóò wá láti ibi gbogbo tí wọ́n fọ́n ká sí, wọn yóò sì péjọ yí ẹyọ kan tí a yàn ká. Bí oníbodè àkọ́kọ́ bá ti jókòó sí ipò rẹ̀, òun gan-an ni yóò fa ìdí tí a kò fi ní yan òmíràn mọ́.

Ẹnìkan lè béèrè pé, bí oníbodè kò bá ju 400 lọ, báwo ni a ṣe ń mọ òórùn tí iye rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì? Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro. Lẹ́tà ábídí Yorùbá kò ju 25 lọ, síbẹ̀ a ń fi í kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹnu lè sọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni òórùn kan ṣe ń ta oníbodè púpọ̀ jí lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọpọlọ sì ń ka àpapọ̀ wọn bí ẹni ń ka ọ̀rọ̀. Nítorí náà ni sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ṣe gbọ́dọ̀ dúró lórí lẹ́tà tirẹ̀. Bí ẹnìkan bá ń pe lẹ́tà mẹ́wàá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ta ni yóò gbọ́ ohun tí ó wí?

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sórí àrùn náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé sẹ́ẹ̀lì agbóòórùn gan-an ni kòkòrò COVID-19 ń wọ̀. Ìwádìí fi hàn pé àwọn sẹ́ẹ̀lì alátìlẹ́yìn tí ó yí wọn ká, tí ń bọ́ wọn tí ó sì ń tọ́jú wọn, ni kòkòrò náà ń kọlù ní pàtàkì. Àwọn àgbà sì ti wí pé ohun tí ó bá ojú ni ó bá imú. Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Columbia àti Yunifásítì New York tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe lára hámísítà, ẹranko kékeré kan tí ó jọ eku, àti lára àwọn tí àrùn náà pa. Wọ́n rí i pé ìtò jíìnì tí a ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan ti tú ká nínú sẹ́ẹ̀lì agbóòórùn tí kòkòrò kò tilẹ̀ wọ̀. Àwọn jíìnì òórùn dákẹ́. Sẹ́ẹ̀lì wà láàyè, ṣùgbọ́n kò sí oníbodè lẹ́nu ibodè.

Ìrètí ń bẹ, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì agbóòórùn wà lára ìwọ̀nba sẹ́ẹ̀lì iṣan ìmọ̀lára tí ara ń ṣe tuntun ní gbogbo ọjọ́ ayé wa. Ní ìlú Dresden ní ilẹ̀ Jámánì, Thomas Hummel àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní ọdún 2009 pé kíkọ́ imú lẹ́kọ̀ọ́ lè ran àwọn kan lọ́wọ́: kí ènìyàn máa gbóòórùn òdòdó rósì, yukalíptọ́ọ̀sì, ọsàn kíkan àti kànáfùrù ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 12. Gbígbóòórùn ni a wí; a kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni da òróró tàbí àgbo sínú ihò imú.

Ṣùgbọ́n kí imú tó bọ̀ sípò, ewu wà nílẹ̀. Gáàsì tí a fi ń dáná kò ní òórùn tí a lè fi dá a mọ̀. Òórùn burúkú tí a ń gbọ́ lára rẹ̀, ènìyàn ni ó fi sí i. Ní ọdún 1937, ní ìlú New London ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, gáàsì tí kò ní òórùn jò sábẹ́ ilé ẹ̀kọ́ kan, ó sì gbiná. Àwọn tí ó kú, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́, súnmọ́ 300. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba ibẹ̀ ṣòfin pé kí a máa fi òórùn sí gáàsì. Ẹni tí kò gbóòórùn ń gbé bí ẹni pé a kò ṣe òfin yẹn rí. Kí ó máa fi omi ọṣẹ yẹ ìsopọ̀ rọ́bà gáàsì rẹ̀ wò. Bí ó bá hó, gáàsì ń jò. Kí ó sì jẹ́ kí ẹlòmíràn gbóòórùn ọbẹ̀ àná kí ó tó jẹ ẹ́. Kí àwọn ará ilé má ṣe fi í ṣẹ̀sín. Kí dókítà sì máa béèrè nípa imú bí ó ti ń béèrè nípa ojú.

Ẹni tí ó bá sì ṣì rò pé imú kò tó nǹkan, kí ó wo òkété, ẹran tí a mọ̀ dáadáa. Ní Tanzania ni a ti ń kọ́ òkété láti fi imú wá àdó olóró tí ogun fi sílẹ̀ nínú ilẹ̀, àti láti mọ àrùn ikọ́ ife. Ọ̀kan nínú wọn, Magawa, rí àdó olóró tí ó lé ní 70 ní ilẹ̀ Cambodia, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ oníwúrà ní ọdún 2020.

Ẹ̀kọ́ kan kù fún àwọn tí ń ṣàkóso owó ìlú. Nígbà tí Buck àti Axel ń wá jíìnì òórùn kiri lára eku, kì í ṣe oògùn àrùn kan ni wọ́n ń wá. Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn wí nígbà náà pé owó ń ṣòfò. Ṣùgbọ́n nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn dé ní nǹkan bí 30 ọdún lẹ́yìn náà, ìmọ̀ yẹn ti wà nílẹ̀ dè é. Bí àwọn yunifásítì wa ní Ìbàdàn, ní Zaria, ní Legon àti ní Dakar bá bẹ̀bẹ̀ fún owó ìwádìí, kí a má ṣe máa béèrè kìkì ohun tí yóò mú wọlé lọ́dún tí ń bọ̀. Ọjọ́ tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ kọ́ ni à ń lọ gé koríko tí a ó fi bo ilé.