Bí Kọ̀ǹpútà Bá Ya Odi

Kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux ya odi lójijì: fídíò ń lọ, ẹnu ń mì, ohùn kò jáde. Ẹ má tíì gbé e lọ sọ́dọ̀ alátùn-únṣe. Ẹ ṣí terminal, ojú dúdú tí a ń tẹ àṣẹ sí.

Ẹ tẹ “aplay -l”, lẹ́tà kékeré ni o. Yóò to àwọn káàdì ohùn tí ẹ̀rọ náà rí. Bí kò bá rí ẹyọ kan, ẹjọ́ sípíkà kọ́ nìyẹn.

Bó bá rí i, ẹ tẹ “speaker-test -c 2 -t wav”. Ẹ ó gbọ́ ohùn èèyàn tó ń dárúkọ apá òsì, lẹ́yìn náà apá ọ̀tún, lédè Gẹ̀ẹ́sì. Bí ti òsì bá ń jáde lọ́tùn-ún, ẹ yẹ wáyà wò. Ẹni tó bá yọ “-t wav” kúrò yóò gbọ́ ariwo ṣáá, bíi rédíò tó kúrò lórí ìkànnì. Kò sì ní dákẹ́ bọ̀rọ̀: ẹ tẹ Ctrl pẹ̀lú C.

Bí gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́ síbẹ̀, ẹ tẹ “alsamixer”, ibi tí a ti ń ṣètò ohùn. Ibí ni mo kọ́kọ́ máa ń fura sí. Bí ẹ bá rí MM lábẹ́ Master, wọ́n ti pa ohùn náà ni. Ẹ tẹ lẹ́tà M, yóò di OO. Ẹ wo abẹ́ Speaker àti Headphone náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi headphone sétí nígbà tí ẹ bá ń dán an wò. Ariwo yẹn lè pọ̀ jù fún etí.