Ilẹ̀kùn Gbayawu àti Igi Rọ́bà: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìjọba àti Iṣẹ́ Ẹ̀rọ

Títì ńlá kan gba Congo Town kọjá ní Monrovia, tí a fi orúkọ Tubman pè, ẹni tí ó ṣe olórí ilẹ̀ Làìbéríà láti ọdún 1944 títí ó fi kú ní 1971. Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà ìlà-oòrùn láti ibẹ̀, yóò dé Harbel, níbi tí oko rọ́bà Firestone wà. Ọkọ̀ tí ń kọjá ní Congo Town kò lóǹkà, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tí a rọ táyà rẹ̀ ní Làìbéríà. Oje igi a lọ, táyà a bọ̀.

Kí ni ó fà á? Ní ọdún 1926 ni ìjọba Làìbéríà fún Firestone láyè láti yá ilẹ̀ tí ó tó mílíọ̀nù kan éékà fún ọdún 99, ní sẹ́ǹtì 6 lórí éékà kan lọ́dún. Nígbà tí ó kan Tubman, ó ṣí ilẹ̀kùn gbayawu fún gbogbo oníṣòwò òkèèrè. Owó oṣù àti ọ̀nà mọ́tò ti inú rẹ̀ jáde, ta ni yóò sẹ́ ẹ? Ṣùgbọ́n ìjọba tí ó ṣílẹ̀kùn kò jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí a ó fi oje igi ṣe, ọwọ́ àlejò ni a fi í sí.

Àwọn tí ń wàásù pé kí ìjọba má tọwọ́ bọ òwò, ṣé bẹ́ẹ̀ ni àwọn fúnra wọn ṣe? Ní 1791 ni Hamilton, akápò ìjọba Amẹ́ríkà, kọ̀wé sí àwọn aṣòfin pé kí a fi owó ibodè àti owó ìrànwọ́ gbèjà àwọn ilé iṣẹ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rúwé. Ní Jàpáànù, ìjọba ni ó dá ilé irin Yawata sílẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1901.

Màléṣíà ni ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu jù. Igi kan náà ni, òyìnbó ni ó sì dá oko rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ìjọba bu owó lé rọ́bà tí ń jáde, ó fi ṣe ìwádìí, ó sì fi ran àgbẹ̀ kékeré lọ́wọ́ láti gé igi ogbó kí wọ́n sì gbin tuntun. Lónìí, kò sí ilẹ̀ tí ń ṣe ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó Màléṣíà. Ní 2009 ẹ̀wẹ̀, Sime Darby, ilé iṣẹ́ Màléṣíà, wá gba ilẹ̀ ní Làìbéríà fún ọdún 63 láti gbin ọ̀pẹ, igi tí ó jẹ́ pé Áfíríkà ni ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn!

Kí ará ilé má tí ì fi Làìbéríà rẹ́rìn-ín. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ la ilẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ sílẹ̀ ní Ìkẹjà, níbẹ̀ ni Dunlop sì ti rọ táyà. Michelin ń rọ tirẹ̀ ní Port Harcourt. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dín owó ibodè táyà òkèèrè kù, tí iná mànàmáná sì ń ṣe ségesège, Michelin tilẹ̀kùn ní 2007, Dunlop sì dáwọ́ táyà dúró ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Igi rọ́bà Ẹdó àti Oǹdó kò tìtorí èyí gbẹ. Èbúté ni oje wọn ń gbà lọ.